‘Un-’ àti Àwọn Ẹbí Rẹ̀

Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ ògbufọ̀ rí máa ń rò pé àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ní ‘un-’ tàbí ‘in-’ níwájú ló rọrùn jù láti túmọ̀. Á ní ṣebí kí èèyàn kàn mú ‘kò’ tàbí ‘àì’ kó fi síwájú rẹ̀ ni, ó parí. ‘Able’ ni ó lè, ‘unable’ ni kò lè. ‘Clean’ ni ó mọ́, ‘unclean’ ni kò mọ́. Bí wọ́n ṣe kọ́ wa nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn: olùkọ́ á kọ ‘Opposites’ sí orí pátákó, á fa ìlà sí àárín, ọ̀rọ̀ á wà lápá òsì, òdì rẹ̀ á wà lápá ọ̀tún, gbogbo kíláàsì á sì máa ké e bí ẹni ń kọrin. Láti ìgbà tí mo ti wà nídìí títúmọ̀ ìròyìn láti Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá fún rédíò, mo ti wá gbà pé pátákó yẹn ló ń kó àwa ògbufọ̀ sí wàhálà jù. Ọ̀rọ̀ tó ní ìyísódì níwájú kì í ṣe ọ̀rọ̀ méjì tí a lẹ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ó ní ìwà tirẹ̀, ìwà náà sì lè má bá ti ìyá tó bí i mu rárá.

Ẹ wo ‘inflammable’. Ó wà gàdàgbà lára àwọn táńkà tó ń gbé epo ní Àpápá, tí wọ́n ń gba òpópónà Èkó sí Ìbàdàn kọjá: ‘Highly Inflammable’. Ẹni tó bá fi ojú ‘Opposites’ kà á, á ní ohun tí kò lè gbiná ni. Epo bẹntiróòlù tí kò lè gbiná! Ohun tí ọ̀rọ̀ náà sì ń sọ ni pé wéré báyìí ló ń gbiná. ‘In-’ tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti òdì. Inú ọ̀rọ̀ Látìn kan, ‘inflammare’, ló ti wá, èyí tó túmọ̀ sí kí a ti iná bọ nǹkan, inú nǹkan náà ni ‘in-’ yẹn sì ń tọ́ka sí. Kì í ṣe àwa nìkan ló ń rú lójú. Ní Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1920 sí 1930, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìdènà iná, National Fire Protection Association, bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn èèyàn pé kí wọ́n pa ‘inflammable’ tì, kí wọ́n máa kọ ‘flammable’, nítorí ẹ̀mí tó lè ti ibi àṣìkà ọ̀rọ̀ kan ṣòfò. Nǹkan kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì ń sọ. Èyí tí kò bá lè gbiná ni wọ́n ń pè ní ‘non-flammable’. Àwọn táńkà wa ṣì ń gbé ti àtijọ́ kiri. Bó bá jẹ́ èmi ni wọ́n fún ní ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì, EWU INÁ ni ǹ bá kọ síbẹ̀, lédè Yorùbá, kí ẹni tó ń ta búrẹ́dì nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lè mọ ohun tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun.

Ẹbí yìí pọ̀, wọn kò sì ti ilé kan náà wá. ‘Un-’ ni ọmọ bíbí ilé Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ará Jámánì náà ní in. ‘In-’, ‘dis-’ àti ‘non-’ ti Látìn wá, púpọ̀ nínú wọn sì gba ẹnu àwọn Faransé wọlé lẹ́yìn tí àwọn Norman ṣẹ́gun ilẹ̀ England ní 1066. ‘A-’ tó wà nínú ‘amoral’ àti ‘atypical’, ti Gíríìkì ni. Ìdí nìyẹn tí ẹnì kan kò fi lè fún wa ní òfin kan ṣoṣo tí yóò sọ ìdí tó fi jẹ́ ‘unable’ àmọ́ ‘inability’, ‘unequal’ àmọ́ ‘inequality’. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni à ń mọ̀ wọ́n.

‘In-’ tún ní àṣà kan tó máa ń dààmú àwọn ọmọ ilé ìwé. Níwájú ‘p’, ‘b’ àti ‘m’, á di ‘im-’. Níwájú ‘l’, á di ‘il-’. Níwájú ‘r’, á di ‘ir-’. A ní ‘impossible’, ‘illegal’, ‘irregular’. Olùkọ́ á ní kí ọmọ há a sórí, ọmọ á há a, á sì gbàgbé. Kò yẹ kó ṣòro fún ọmọ Yorùbá rárá, nítorí ẹnu tiwa náà ń ṣe é láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. A ń kọ ‘ó ń bọ̀’, ṣùgbọ́n ẹ pè é sókè kí ẹ fetí sí ara yín: ètè ti pa dé kí ‘b’ tó dé, ‘ḿ’ ló sì jáde lẹ́nu. Àwọn tó kọ́kọ́ ń kọ Yorùbá sílẹ̀ tilẹ̀ ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ‘mbọ̀’, bí wọ́n ṣe gbọ́ ọ. Ẹ wá sọ ‘ó ń lọ’, kí ẹ sọ ‘ó ń kọ́lé’. Ahọ́n ti sún síbòmíràn. Àrànmọ́ ni àwọn onímọ̀ èdè ń pè é. Ní ti ‘in-’, ẹnu àwọn ará Róòmù ló ti kọ́kọ́ ń yí i padà bẹ́ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì kàn bá a nílẹ̀ ni. Ohun tó wá jẹ́ wàhálà ni pé ‘in-’ kejì, èyí tó ń sọ nípa inú, ń ṣe àrànmọ́ kan náà. Ẹ wo ‘important’ àti ‘illustrious’: wọ́n jọ ‘impossible’ àti ‘illegal’ lójú, ṣùgbọ́n kò sí òdì kankan nínú wọn.

Èyí tó máa ń jọ mí lójú jù ni irú ọ̀rọ̀ tí ‘un-’ ń yàn láti bá rìn. ‘Unhappy’ wà, ‘unsad’ kò sí. ‘Unwise’ wà, kò sẹ́ni tó ń sọ ‘unfoolish’. ‘Unkind’, ‘unclean’, ‘unhealthy’ wà. Ẹ wá ‘uncruel’, ‘undirty’ àti ‘unsick’ títí, ẹ kò ní í rí wọn. Onímọ̀ èdè ọmọ ilẹ̀ Denmark nì, Otto Jespersen, ti kíyè sí i nínú ìwé tó ṣe lórí ìyísódì ní 1917, Karl Zimmer sì gbé odindi ìwé kalẹ̀ lórí irú àfòmọ́ wọ̀nyí ní 1964. Ọ̀rọ̀ rere ni àfòmọ́ yìí fẹ́ràn láti yí sódì. Ó ṣọ̀wọ́n kó tọ ọ̀rọ̀ búburú lọ. Bí a bá wo ilé tiwa, a ó rí i pé a kò jìnnà síbẹ̀. Àìsàn ńkọ́? Orúkọ tí a fún ohun tó ń dá èèyàn dùbúlẹ̀ kò ju pé ara ‘kò sàn’. Àìlera, àìgbọ́n, àìní, àìtó, àìmoore: ohun rere ni a mú, a wá ní kò sí níbẹ̀. Ta ló ń pe arẹwà obìnrin ní aláìburẹ́wà?

Lóòótọ́ àìkú wà, àìdíbàjẹ́ sì wà nínú Bíbélì, bí Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe ní ‘immortal’ àti ‘incorruptible’. Ohun tó ju agbára èèyàn lọ ni a sábà máa ń pè bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Yorùbá bá ń yin Ọlọ́run, ìyísódì a máa di oríkì: Ọba Àìkú, Aláìlẹ́gbẹ́, Àwámárìídìí. Nínú Àwámárìídìí, ìyísódì kò tilẹ̀ dúró níwájú. ‘Má’ kékeré yẹn wọ àárín ọ̀rọ̀ lọ, ẹni tó ń kígbe rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì kò sì mọ̀ pé ‘kò rí’ wà lẹ́nu òun.

Irú ìyìn tó gba ẹ̀yìn yọ bẹ́ẹ̀ ló wà nínú ‘invaluable’. Níbi ìsìnkú tàbí ayẹyẹ ìfẹ̀yìntì, ẹni tó ń ka ọ̀rọ̀ ìdágbére á ní olóògbé tàbí ọ̀gá náà ṣe ‘invaluable contribution’. Bí akọ̀ròyìn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ẹnu iṣẹ́ bá gbé e sáfẹ́fẹ́ pé ‘ipa tí kò níye lórí’, àwọn mọ̀lẹ́bí á fi ìbínú pe ilé iṣẹ́ rédíò, ẹjọ́ wọn á sì tọ́. Ohun tí owó kò lè rà ni olùbánisọ̀rọ̀ ń wí. ‘Valueless’ àti ‘worthless’ ni kò níye lórí. Ọ̀rọ̀ ‘infamous’ tún burú ju èyí lọ. Ẹni tí ayé kò mọ̀ kọ́ ni. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n, ibi ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí ‘unhappy’, nítorí ó ṣì ní ẹ̀kọ́ kan lábẹ́ aṣọ. Ẹni tí inú rẹ̀ kò dùn lè má jẹ́ ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́. Àyè kan wà láàárín méjèèjì, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ń gbé lójoojúmọ́. ‘Not happy’ lè dé àárín yẹn. ‘Unhappy’ ti kọjá rẹ̀, ó ti lọ jókòó sọ́dọ̀ ìbànújẹ́. Yorùbá mọ àárín yìí dunjú. Bí a bá bi àgbàlagbà pé ‘ṣé dáadáa ni?’, tó wò wá lójú díẹ̀, tó ní ‘kò burú’, ta ni yóò sọ nílé pé bàbá ní nǹkan ti ṣẹnuure?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tún máa ń to òdì lé òdì: ‘not unhappy’, ‘not unlikely’. Nínú ìṣirò, òdì méjì á pa ara wọn. Lẹ́nu èèyàn, wọn kì í pa ara wọn tán. George Orwell kórìíra àṣà yìí. Nínú àròkọ tó kọ lórí òṣèlú àti èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1946, ó fẹ́ kí a fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí tí yóò fi pòórá. Ní tèmi, n kò bá a dé ibẹ̀. Olóṣèlú tó ní ìjọba ‘is not unaware’ ti ìyà tó ń jẹ ará ìlú mọ ohun tó ń ṣe. Kò fẹ́ kó wà ní àkọsílẹ̀ pé òun mọ̀, nítorí ẹni tó mọ̀ tí kò sì ṣe nǹkan kan ló jẹ̀bi. Bí ògbufọ̀ bá wá kọ ọ́ pé ‘ìjọba ní àwọn mọ̀’, ó ti bá a jẹ́wọ́ ohun tí kò jẹ́wọ́. ‘Ìjọba ní kì í ṣe pé àwọn kò mọ̀’ ló bá a mu, ó sì wà nínú Yorùbá wa tipẹ́, gbogbo ẹni tó ti sin gbèsè rí ló ti gbọ́ ọ.

Àwọn ìbejì inú ẹbí yìí ló máa ń ta ògbufọ̀ lẹ́sẹ̀ jù. Ó yẹ kí adájọ́ jẹ́ ‘disinterested’: kò ní ohunkóhun tí yóò jèrè nínú ẹjọ́ tó ń gbọ́, kò ṣe tẹ̀gbọ́n kò ṣe tàbúrò. Bó bá jẹ́ ‘uninterested’, ẹjọ́ náà kò wọ̀ ọ́ létí ni, ó lè máa tòògbé lórí àga. Ìyàtọ̀ yìí kò fi bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ní nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn, ‘disinterested’ náà lè jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kò wọ̀ létí, tí ‘uninterested’ sì lè jẹ́ ẹni tí kì í ṣègbè. Wọ́n pààrọ̀ ipò fún ara wọn, wọ́n sì ṣì ń gbìyànjú láti tún un ṣe. ‘Indifferent’ náà ti rìn jìnnà. Ìwé Àdúrà ìjọ Áńgílíkà ti 1662 gbàdúrà pé kí àwọn aláṣẹ máa ṣe ìdájọ́ ‘indifferently’, ìyẹn láìṣojúsàájú. Bí a bá gba irú àdúrà yẹn fún adájọ́ lónìí, á rò pé èpè ni.

‘Un-’ àti ‘non-’ ńkọ́? ‘Non-American’ ni ẹni tí kì í ṣe ọmọ Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ tútù ni, kò bú ẹnikẹ́ni. ‘Un-American’ lè jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà pọ́nńbélé, ẹni tí wọ́n ní ìwà rẹ̀ kò bá tiwọn mu. Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin wọn dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1938 tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú orúkọ rẹ̀, House Un-American Activities Committee, wọ́n ń pe àwọn tí wọ́n fura sí pé wọ́n jẹ́ kọ́múníìsì wá jẹ́jọ́ níwájú rẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn òṣèré àti òǹkọ̀wé eré nítorí rẹ̀, ó sì di 1975 kí wọ́n tó pa ìgbìmọ̀ náà rẹ́. Àfòmọ́ lẹ́tà méjì ló ṣe gbogbo ìyẹn. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ẹ sọ fún ẹnì kan pé kì í ṣe ọmọ Yorùbá, bóyá ará Benue ni, á rẹ́rìn-ín. Ẹ wá sọ fún ọmọ Ìjẹ̀bú pé ohun tó ṣe yẹn kò jọ ti ọmọ Yorùbá, kì í ṣe ti ọmọlúàbí, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Nínú ìròyìn ẹ̀sìn, n kì í kánjú lórí ‘un-Islamic’ àti ‘non-Islamic’, ‘un-Christian’ àti ‘non-Christian’. Ẹni tó bá fi ọ̀kan rọ́pò èkejì ní aago méje àárọ̀ lè rí ogun lẹ́nu ọ̀nà kó tó di ọ̀sán.

Àwọn kan wà nínú ẹbí yìí tí kò ní ìyá mọ́. ‘Uncouth’ túmọ̀ sí aláìmọ̀wàáhù lónìí. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ohun tí a kò mọ̀ rí ló jẹ́, ‘couth’ tó bí i sì ti kú. ‘Disgruntled’ kò tilẹ̀ ní ìyísódì nínú: ńṣe ni ‘dis-’ tirẹ̀ ń fi kún ìkùnsínú náà. Síbẹ̀, P. G. Wodehouse bọ́ ọ ní aṣọ nínú ìwé ìtàn kan tó gbé jáde ní 1938, ó ní ẹnì kan jìnnà sí ẹni tó ‘gruntled’ láti pa wá lẹ́rìn-ín. Ní 1994, Jack Winter kọ ìtàn kúkúrú kan sínú ìwé ìròyìn The New Yorker, irú eré yìí ló sì fi ṣe é látòkèdélẹ̀: ó bọ́ àfòmọ́ kúrò lára ọ̀rọ̀ lọ́tùn-ún lósì.

Ilé ìwòsàn ni kì í ti í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Níbẹ̀, ọ̀rọ̀ tó dún bí èébú lè jẹ́ ìròyìn ayọ̀. Màmá kan ládùúgbò wa gbé èsì àwòrán inú tó lọ yà wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ojú rẹ̀ fà ro. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní girama ti kà á fún un nílé. ‘Bọ̀dá, ẹ bá mi wo nǹkan tí wọ́n kọ yìí o. Wọ́n ní ẹ̀dọ̀ mi ò já mọ́ nǹkan kan.’ Mo gba ìwé náà. Wọ́n to ẹ̀dọ̀, àpò òróòro àti kíndìnrín méjèèjì tẹ̀lé ara wọn, ‘unremarkable’ ló sì wà níwájú ìkọ̀ọ̀kan. Ọmọ náà ti yẹ ìwé atúmọ̀ èdè wò, ó rí i pé ‘remarkable’ ni ohun tó lààmìlaaka, ó sì yí i sódì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

Mo ní, ‘Màmá, ohun tí wọ́n ń wí ni pé àwọn wo ẹ̀dọ̀ yín, àwọn ò rí nǹkan kan tó yẹ kí àwọn tọ́ka sí. Bó ṣe yẹ kó wà ló wà.’

Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀: ‘Ìwọ ọmọ yìí, o fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí!’ Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó mú ìwé náà padà lọ fún dókítà tó ní kó lọ yà á, nítorí ògbufọ̀ ni mo jẹ́, n kì í ṣe dókítà, àwòrán nìkan kọ́ ni wọ́n sì fi ń mọ àìsàn.

Irú rẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn dókítà. Lẹ́nu ọ̀gá ilé iṣẹ́, òṣìṣẹ́ tó jẹ́ ‘indolent’ ni ọ̀lẹ. Lẹ́nu dókítà, kókó tàbí egbò tó jẹ́ ‘indolent’ ni èyí tó ń rọra rìn, tí kì í sì í sábà dun ni. Ti dókítà ló sún mọ́ orísun jù, nítorí nínú Látìn ‘tí kò dunni’ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Bí wọ́n bá ní ọkàn ọmọ ní ‘innocent murmur’, ìró kan tí kò lè pa á lára ni wọ́n gbọ́. Bí wọ́n bá sì ní fáàfù ọkàn jẹ́ ‘incompetent’, wọn kò bú ẹnikẹ́ni. Kò pa dé dáadáa ni, ìyẹn sì gba ìtọ́jú.

Àwọn aṣàyẹ̀wò ìwé owó náà kò gbẹ́yìn. Bí wọ́n bá yẹ ìwé ilé iṣẹ́ kan wò, tí wọ́n kọ ‘unqualified opinion’ sí i, kí àwọn onípìn-ín máa jó ni: wọ́n fọwọ́ sí i láìní ‘ṣùgbọ́n’ kankan. ‘Qualified opinion’ ló ní ‘ṣùgbọ́n’ nínú, òun ló yẹ kó já wọn láyà. Ìlànà àgbáyé tí wọ́n ń lò nísinsìnyí ń pe ti àkọ́kọ́ ní ‘unmodified’, bóyá nítorí irú ìdàrúdàpọ̀ yìí. Bí ẹ bá wá gbọ́ ‘unqualified teacher’, olùkọ́ tí kò ní ìwé ẹ̀rí nìyẹn o, kí ẹnikẹ́ni má jó.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má fa ìlà sí àárín pátákó mọ́. Ẹ kọ odindi gbólóhùn, kí ọmọ rí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ohun tó ń sọ ọ́ nípa rẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n bá sì gbé ìwé lé lọ́wọ́ nílé ìwòsàn tàbí nílé ẹjọ́, tí irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wà nínú rẹ̀, ẹ má ṣe gbé e fún ọmọ ilé ìwé kó bá yín yí i sódì. Abala 36 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 sọ pé ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn gbọ́dọ̀ gbọ́ ẹ̀sùn náà ní èdè tó yé e, kí ògbufọ̀ sì wà fún un lọ́fẹ̀ẹ́ bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń gbẹ́jọ́. Abala 23 nínú òfin ètò ìlera ti 2014, National Health Act, ní kí oníṣẹ́ ìlera ṣàlàyé ipò ara aláìsàn fún un ní èdè tó gbọ́, níwọ̀n bó bá ti ṣeé ṣe. Ẹ béèrè, kí ẹ má sì fọwọ́ sí ìwé kankan títí wọn yóò fi sọ ọ́ kó yé yín.